Òkúta Ẹfun Òkèlúsè àti Ìkòkò Ẹ́ńjìnnì Olóoru

Ìyàwó ilé tí ó bá ń fi omi kànga ilẹ̀ olókùúta ẹfun dáná mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kàwé kò mọ̀. Bí ó bá ti ń gbé ìkòkò omi kan náà kaná ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún oṣù mélòó kan, ohun funfun kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gan mọ́ ìdí ìkòkò náà. Kànrìnkàn àti ọṣẹ kò lè mú un kúrò. Àfi kí ó wá ohun mímú tí yóò fi ha á. Bí ó bá sì jẹ́ kí ó pọ̀ jù, ìkòkò náà kò ní í tètè hó mọ́. Igi púpọ̀ ni yóò jó kí omi díẹ̀ tó gbóná, ìdí ìkòkò yóò sì máa jó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Ohun funfun yìí kì í ṣe èérí. Òkúta ni. Omi ni ó yọ́ ọ nínú ilẹ̀, iná ni ó sì tún sọ ọ́ di òkúta padà.

Òkèlúsè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ìlú kan tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí òkúta ẹfun yìí ni orúkọ ìlú náà ṣe wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi í ṣe sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ Òkèlúsè pé òkúta inú ilẹ̀ rẹ̀ ní ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín. Níbo ni rélùwéè wà ní Òkèlúsè? Ojú irin kò dé ibẹ̀ rí. Kò dé Ọ̀wọ̀, kò dé Ìfọ́n, kò dé Oǹdó, kò dé Adó-Èkìtì. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀tá tí ìyàwó ilé ń fi ọ̀bẹ ha ní ìdí ìkòkò ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí àwọn tí ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì olóoru ní gbogbo ayé ń bá jà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìjà náà yóò mọ ìdí tí ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣe lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú, àti ìdí tí ìmọ̀ ọwọ́ ṣe lè kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí irin rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró.

Ọ̀nà tí rélùwéè gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá kò ṣòro láti tọ̀. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní ìlú Èkó. Ojú irin náà gba Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn, Gómìnà MacGregor sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya ní 1909. Ní 1912, wọ́n da rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti Bárò lọ sí Kánò, ó di ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì. Ibi tí ojú irin bá gbà, ìlú ibẹ̀ a máa yí padà: ọjà tuntun a dé, àwọn àlejò a dé, ilé onípákó àwọn òṣìṣẹ́ a dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀. Apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ni kò sí nínú ètò náà. Kòkó Ọ̀wọ̀ àti gẹdú igbó Ọ̀sẹ̀ kò rí ojú irin gùn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kó wọn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí èyí mú wá. Òkúta ẹfun wà ní Ewékorò, ó sì wà ní Òkèlúsè. Ṣùgbọ́n ojú irin Èkó sí Abẹ́òkúta ti ń kọjá ní agbègbè Ewékorò fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960. Òkúta wúwo, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi òkúta ṣòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí yóò gbé e. Kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ìlú nìkan ni í sọ ìlú di ọlọ́rọ̀. Ọ̀nà tí ó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ènìyàn agbègbè náà kò ní ìpín nínú rélùwéè. Ìlú Ọ̀rà kò jìnnà sí Ìfọ́n. Ọ̀nà kan ni ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ Ọ̀rà ni Michael Imoudu, ẹni tí wọ́n bí ní 1902. Ó wọ iṣẹ́ rélùwéè ní Èkó, ó sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìyírin, èyí tí ọmọ iṣẹ́ fi ń gé irin títí yóò fi dán, tí yóò sì bá ìwọ̀n mu láìyẹ̀ ní ìbú irun orí. Ibi iṣẹ́ yìí ni ó ti mọ ìyà àwọn òṣìṣẹ́, ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1943, ìjọba amúnisìn fi í sí àhámọ́, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Nígbà tí ó padà ní 1945, ó wà lára àwọn tí ó ṣíwájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá tí ó gba gbogbo Nàìjíríà kan ní ọdún náà nítorí pé ọjà wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì gòkè. Ó kú ní 2005. Ilé ẹ̀kọ́ nípa ọ̀ràn òṣìṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìtàn rẹ̀, òṣèlú ni wọ́n sábà máa ń rí nínú rẹ̀. Wọ́n a máa gbàgbé pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni, àti pé ohun tí ó fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ìgboyà láti dúró níwájú gómìnà ni pé ó mọ̀ dájú pé bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun bá ká ọwọ́ gbera, kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò yí kẹ̀kẹ́.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ẹ́ńjìnnì olóoru kò ju ìkòkò, ààrò àti kẹ̀kẹ́ lọ, bí ènìyàn bá wò ó dáradára. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ààrò wà, àpótí irin ńlá tí iná ń jó nínú rẹ̀. Ní iwájú ààrò ni ìkòkò wà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní bọ́ílà. Ó gùn, ó rí roboto bí àgbá tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Omi kún inú ìkòkò yìí, omi náà sì yí orí ààrò àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù gba àárín omi náà kọjá láti ẹnu ààrò títí dé iwájú, kí èéfín àti ọwọ́ iná lè gba inú wọn kọjá, kí wọ́n sì máa mú omi hó bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí omi bá di ooru, ó ń fẹ́ àyè tí ó ju èyí tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1,600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá há a mọ́ inú irin, tí kò rí àyè náà, ìbínú rẹ̀ a di agbára. Agbára yìí ni wọ́n ń rọra tú sínú ihò irin méjì ní iwájú ẹ́ńjìnnì, tí ó fi ń ti irin kan síwá sẹ́yìn. Irin náà ni ó fa ọ̀pá, ọ̀pá sì fa kẹ̀kẹ́. Ooru tí ó ti ṣiṣẹ́ tán a gba ẹnu ihò èéfín jáde, òun náà ni í sì fa afẹ́fẹ́ wọ inú ààrò kí iná lè máa ràn. Ìdí nìyí tí ó fi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tí ń gun òkè. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ń le sí i ni iná rẹ̀ ń le sí i.

Gbogbo ọgbọ́n inú ìtọ́jú rẹ̀ dá lórí òfin kan: orí ààrò kò gbọdọ̀ wà láìní omi lórí, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Iná tí ó wà nísàlẹ̀ gbóná ju ohun tí irin lè fara dà lọ. Omi tí ó wà lókè ni ó ń gba ooru náà lọ́wọ́ irin. Bí omi bá lọ sílẹ̀, irin orí ààrò yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, agbára ooru omi yóò sì tì í wọlé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń fi èdídí òjé sí orí ààrò ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Òjé a máa tètè yọ́. Bí omi bá fi í sílẹ̀, yóò yọ́, ooru yóò sì tú sórí iná láti kìlọ̀ fún awakọ̀ kí ibi tó dé. Wọ́n sì fi ọ̀pá dígí kan sí iwájú awakọ̀ àti ẹni tí ń kó èédú, kí wọ́n lè máa rí bí omi inú ìkòkò ti ga tó.

Níhìn-ín ni òkúta Òkèlúsè ti wọ inú ọ̀rọ̀. Omi kò mọ́ ní òun nìkan. Omi tí ó bá gba ilẹ̀ òkúta ẹfun kọjá ń gbé òkúta lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ojú rí i. Nígbà tí ó bá hó nínú bọ́ílà, omi a lọ, òkúta a dúró. Yóò gan mọ́ ara páìpù, yóò gan mọ́ orí ààrò, yóò sì dí àwọn ihò tóóró. Irin tí ẹfun bo kò lè fi ooru rẹ̀ fún omi mọ́, nítorí náà yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Èédú púpọ̀ yóò jó fún iṣẹ́ díẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé ẹfun lè dí páìpù tí ó so ọ̀pá dígí mọ́ ìkòkò, kí dígí náà sì máa purọ́ fún awakọ̀.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1995, ẹ́ńjìnnì olóoru kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 1278 ń fa àwọn arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ ní agbègbè Gettysburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Omi inú rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju orí ààrò lọ. Orí ààrò náà fà ya, ooru àti iná sì tú jáde sára àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí ó wà lórí rẹ̀. Iná jó wọn gidigidi. Nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba tú ẹ́ńjìnnì náà wò, wọ́n rí i pé ẹfun ti dí ọ̀nà omi tí ó lọ sínú ọ̀pá dígí. Òkúta díẹ̀, tí kò tó èyí tí ọmọdé lè fi ju ẹyẹ, ni ó fẹ́rẹ̀ pa ènìyàn mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà tún òfin ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì olóoru ṣe, òfin tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2000.

Bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a jẹ́ kí ó tutù pátápátá, wọn a tú omi inú rẹ̀ dànù, wọn a ṣí gbogbo èdídí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àti ní igun rẹ̀, wọn a sì fi omi tí ń tú pẹ̀lú agbára fọ inú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé iye ọjọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju 31 lọ. Wọn a mú fìtílà yẹ inú rẹ̀ wò, wọn a fi ọ̀pá ha ibi tí ẹfun bá wà. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan, wọn a fi omi kún ìkòkò náà bámúbámú, wọn a sì fi ẹ̀rọ tì í títí agbára tí ó wà nínú rẹ̀ yóò fi ju ti ìgbà iṣẹ́ lọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin, láti mọ ibi tí yóò jò. Omi ni wọ́n ń lò fún èyí, wọn kì í lo ooru. Omi tí ó bá rí ihò kò ní ṣe ju kí ó tú jáde lọ, ṣùgbọ́n ooru tí ó bá rí ihò yóò bú gbàmù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 1,472, tàbí tí ọdún 15 bá pé, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé, wọn a tú u palẹ̀. Gbogbo páìpù inú rẹ̀ ni wọn a yọ, wọn a wọn bí irin rẹ̀ ti nípọn tó níbi gbogbo, wọn a gé ibi tí ó bá ti jẹ, wọn a sì fi tuntun dípò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ń kà kí wọ́n tó ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ni ó wá ń ṣe làálàá yìí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì epo àti ti iná mànàmáná ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olóoru? Àwọn kan ń ṣe é nítorí ìfẹ́. Ní 1951, àwọn ènìyàn tí kò gba kọ́bọ̀ kan kó ara wọn jọ ní Wales láti gba ojú irin kékeré kan tí ó ń jẹ́ Talyllyn là. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní ayé tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe é nítorí òwò. Nígbà tí Walt Disney ṣí ọgbà ìgbafẹ́ rẹ̀ ní California ní 1955, ojú irin olóoru yí ọgbà náà ká, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnnì méjì àkọ́kọ́. Fún ọgbà kejì, tí ó ṣí ní Florida ní 1971, wọn kò ṣe tuntun. Wọ́n lọ sí Yucatán ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní 1969, níbi tí àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ra èyí tí wọn yóò lò. Mẹ́rin tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe láàárín 1916 àti 1928. Ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Tampa ni wọ́n ti tún wọn ṣe, tí wọ́n fi ìkòkò tuntun sí wọn nínú. Irin tí ó ti gbé okùn ìgbò oko Yucatán ń gbé àwọn ọmọdé kiri ọgbà lónìí, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ti jáde ní àgbẹ̀dẹ.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú ìtàn ẹ́ńjìnnì kan tí ń jẹ́ Tornado. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti ṣe ẹ́ńjìnnì olóoru ńlá tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2008. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí rélùwéè. Láti ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti lọ sí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n jọba lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ìkòkò Tornado, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ní àgbẹ̀dẹ Meiningen tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Ilé tí ó kọ́ ayé ní iṣẹ́ padà lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín ìwọ̀nba ọdún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀ rárá?

Nàìjíríà náà ní ẹ́ńjìnnì tí ojú kò lè tì í láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Láti 1948 títí dé àárín àwọn ọdún 1950, rélùwéè gba ọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n fi orúkọ àwọn odò ilẹ̀ yìí pè. Kẹ̀kẹ́ méjì wà níwájú, mẹ́jọ ní àárín, méjì lẹ́yìn. Wọ́n lágbára, wọn kò sì wúwo jù fún ojú irin ilẹ̀ olóoru. Iṣẹ́ wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè ilẹ̀ Áfíríkà ìlà-oòrùn fi gba àpẹẹrẹ wọn, tí wọ́n sì ṣe tiwọn ní Glasgow. Nísinsin yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìbátan ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà tí wọ́n tọ́jú lè wá a lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Nairobi, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971. Ní ibẹ̀ ni wọ́n ti dá iná padà sínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì tún rìn. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì epo gbapò, ọ̀pọ̀ olóoru ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òjò àti ìpẹtà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì gé tà bí irin àlòkù.

Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò tíì parun. Nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Jaekel ni orúkọ rẹ̀, nítorí Francis Jaekel, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní rélùwéè tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀ ní ìwé mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, bá ilé iṣẹ́ rélùwéè ṣe àdéhùn, ayàwòrán ilé John Godwin sì wà nídìí àtúnṣe náà. Ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré, níbi tí àwòrán, fìtílà, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àtijọ́ àti àwọn ohun èlò mìíràn wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, ìdíkọ̀ ńlá rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà kan náà. Tuntun àti àtijọ́ ń wo ara wọn níbẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, pé kí ni èrè níná owó lórí ẹ̀rọ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kò ní àga, tí ilé ìwòsàn kò sì ní oògùn. Ìbéèrè náà lágbára. Kò sì sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn láti fi ra òróró fún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀. Irin jẹ́ ọ̀kan. Ìmọ̀ tí ó mú irin ṣiṣẹ́ jẹ́ èkejì. Irin lè dúró ní ìta fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ìmọ̀ kò lè dúró ní ìta. Ọwọ́ ènìyàn ni ilé rẹ̀, ọwọ́ náà a sì máa darúgbó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àgbà bá lọ kí ọmọdé tó dé, ohun tí ó wà lórí pẹpẹ àti èyí tí ó wà nínú kèrègbè di ti ilẹ̀. Àwọn tí ó fi ọwọ́ wọn fọ ìkòkò ẹ́ńjìnnì ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Ọ̀ffà kò pọ̀ mọ́, èyí tí ó kéré jù nínú wọn sì ti di arúgbó.

Apá kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Iṣẹ́ rélùwéè kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe. Ẹni tí ó gba àṣẹ lẹ́nu òyìnbó ní owúrọ̀ gbọ́dọ̀ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohùn irin tí ó ti sán àti ohùn èyí tí ó ṣì dá ṣáṣá. Fún iná tí ó jó dọ́gba àti èyí tí ó lu ihò sí àárín. Fún omi tí ó hó jù tí ó sì ń bá ooru gun òkè. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa irin kí rélùwéè tó dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wọ inú àgbẹ̀dẹ tuntun náà, wọ́n fi ti òyìnbó tí wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ padà kún un. Ẹ̀ka èdè kan ni èyí. Kò sí nínú ìwé ìdánwò. Bí àwọn tí ń sọ ọ́ bá kú tán, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yorùbá lọ́la yóò jókòó sídìí tábìlì, yóò sì máa hun ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kan ti lò fún ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó bí i.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kò ní láti dúró de owó ìjọba. Olùkọ́ tí ó wà ní ìlú ojú irin lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè, pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí wọ́n kọ orúkọ irin kọ̀ọ̀kan bí àgbà náà bá ti pè é, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe. Kí wọ́n béèrè bí wọ́n ti ń fọ ìkòkò, ohun tí wọ́n fi ń ha ẹfun, àti bí wọ́n ti ń mọ̀ pé dígí omi ń purọ́. Olùkọ́ tí ó wà ní Èkó lè mú kíláàsì rẹ̀ lọ sí ilé Jaekel. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò yóò rí i pé àròkọ tí ó dá lórí ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó há sórí.

Olùkọ́ tí ó wà ní Òkèlúsè ńkọ́, níbi tí kò sí ojú irin, tí kò sì sí ọ̀gá rélùwéè nítòsí? Kí ó bu omi kànga sínú ìkòkò kékeré, kí ó sì gbé e kaná níwájú àwọn ọmọ títí omi yóò fi gbẹ. Kí ó tún bu omi sí i, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Kí ó wá jẹ́ kí wọ́n fi èékánná ha ìdí ìkòkò náà. Òkúta ìlú wọn ni yóò wà lábẹ́ èékánná wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ fún wọn nípa àwọn ènìyàn mẹ́ta tí iná jó ní Gettysburg, àti nípa ọmọ Ọ̀rà tí ó mọ irin í gé. Wọn yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í ṣe idán, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣí i, kí ó máa wò ó, kí ó sì máa fọ̀ ọ́.